Akéwì Tí Kò Dé Oko Bàbá Rẹ̀ Rí

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tó tóbi tó ti bàbá òun. Gbogbo wa la mọ òwe yẹn. Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ sọ nípa ọmọ tí kò dé oko bàbá ara rẹ̀ rí, tó sì jẹ́ pé òun gan-an ló jókòó, tó ka ebè inú oko náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó kọ orúkọ odò tó gba ibẹ̀ kọjá, tó kọ irú igi tó wà ní ààlà, títí kan orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ dá oko ọ̀hún?

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni Ghevont Alishan. Akéwì ni, ọ̀mọ̀wé ni, fadá ìjọ Kátólíìkì sì ni pẹ̀lú. Ọmọ Àmẹ́níà ni. Ìwé tó kọ nípa àwọn òkè, odò, ìlú àti ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Àmẹ́níà pọ̀, ó sì kún débi pé títí dòní, àwọn onímọ̀ ìtàn ṣì ń padà sí ìdí wọn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ní 1820 títí di ọjọ́ tó kú ní 1901, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ náà rárá. Orí erékùṣù kékeré kan nínú ọ̀sà Venice, ní Ítálì, ló jókòó sí tó fi kọ ọ́.

A fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí nítorí ìbéèrè kan tó wà nínú rẹ̀, tí a kò lè gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: bí ilẹ̀ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni, kí ni ìwé lè dì mú níbẹ̀?

Erékùṣù àwọn adẹ́tẹ̀

Ká tó dé ọ̀dọ̀ Alishan, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo erékùṣù yẹn. San Lazzaro ni wọ́n ń pè é. Orúkọ Lásárù inú Bíbélì ni wọ́n fi sọ ọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ará Venice máa ń kó àwọn adẹ́tẹ̀ sí láyé àtijọ́. Nígbà tó yá, àrùn náà rọlẹ̀, àwọn adẹ́tẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́, erékùṣù sì di ahoro.

Ní 1701, fadá ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Mekhitar, ọmọ ìlú Sebastia (Sivas ni wọ́n ń pè é ní Tọ́kì lónìí), kó àwọn ọmọ ẹ̀yìn díẹ̀ jọ ní Constantinople, ó sì dá ẹgbẹ́ àwọn mọ́ńkì kan sílẹ̀. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni ìmọ̀. Àwọn ènìyàn rẹ̀ kì í ṣe aláìníwèé. Láti nǹkan bí ọdún 405 ni Mesrop Mashtots ti ṣe lẹ́tà 36 fún èdè wọn, tí wọ́n sì fi túmọ̀ Bíbélì láìpẹ́ sígbà náà. Àmọ́ lásìkò Mekhitar, ìjọba Ottoman àti ti Páṣíà ti pín ilẹ̀ wọn mọ́wọ́, ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ ń jẹrà nínú àwọn ilé mọ́ńkì tó wà lórí òkè, ẹni tó lè kà wọ́n kò sì fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́.

Wọn kò jẹ́ kí Mekhitar rójú ráyè ní Constantinople. Ó sá lọ sí Modon, ní gúúsù ilẹ̀ Gíríìsì, tó wà lábẹ́ Venice nígbà náà. Nígbà tó di 1715, tí àwọn ọmọ ogun Ottoman ń bọ̀ wá gba ibẹ̀, ó tún palẹ̀ ẹrù mọ́, ó di Venice. Ní 1717, àwọn aláṣẹ Venice fún òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní San Lazzaro. Bí ilé adẹ́tẹ̀ àná ṣe di ilé ìwé nìyẹn.

Mekhitar kú ní 1749, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò dúró. Ní 1789, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ sórí erékùṣù náà fúnra rẹ̀. Láàárín 1836 sí 1837, wọ́n tẹ ìwé atúmọ̀ èdè ńlá kan jáde ní ìdìpọ̀ méjì, tí àwọn onímọ̀ èdè Àmẹ́níà àtijọ́ ṣì ń lò. Nígbà tí Napoleon ń ti ilé àwọn mọ́ńkì pa káàkiri Ítálì, ó fi tiwọn sílẹ̀ ní 1810, torí ó kà á sí ilé ìmọ̀. Byron, akéwì ará Gẹ̀ẹ́sì tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà yẹn, náà wá síbẹ̀ ní 1816, ó ń wa ọkọ̀ ojú omi láti Venice wá kọ́ èdè Àmẹ́níà lọ́dọ̀ wọn. Ó sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé èdè náà le. Ìyẹn kò sì yà wá lẹ́nu!

Ọmọ ọdún méjìlá

Ìlú Constantinople, tí a ń pè ní Istanbul lónìí, ni wọ́n bí Alishan sí. Kerovbe ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Bàbá rẹ̀ fẹ́ràn nǹkan àtijọ́, ó máa ń kó owó ayé àtijọ́ jọ. Ẹ fọkàn yàwòrán ọmọ kékeré kan tó ń wo bàbá rẹ̀ bó ṣe ń nu owó bàbà tí ojú ọba kan wà lára rẹ̀, ọba tí ìjọba rẹ̀ ti pa rẹ́ tipẹ́. Bóyá ọmọ yẹn ti ń gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀: pé ohun tó kéré tó báyìí lè pẹ́ ju ìjọba lọ.

Ní 1832, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí San Lazzaro. Ní 1840, wọ́n fi í jẹ fadá, ó ń jẹ́ Ghevont. Láti ìgbà náà lọ, erékùṣù yẹn di ilé rẹ̀. Ó kọ́ èdè Yúróòpù mélòó kan. Ó ṣe olùkọ́, ó sì ṣe ọ̀gá ilé ìwé ní Venice àti ní Paris, ní àwọn ilé ìwé tí ẹgbẹ́ wọn dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Àmẹ́níà. Ẹ wo ibi tí owó ilé ìwé wọ̀nyí ti wá o: oníṣòwò Àmẹ́níà méjì tó ń gbé ní Madras, ní ilẹ̀ Íńdíà, ìyẹn Edward Raphael àti Samuel Moorat, ló fi ogún sílẹ̀ fún un. Ọmọ ilẹ̀ kan náà, ọ̀kan ń ṣòwò ní Íńdíà, èkejì ń kọ́wèé ní Ítálì, ẹ̀kẹta ń kàwé ní Paris, ilé sì jìnnà sí gbogbo wọn.

Alishan tún ṣe olóòtú *Bazmavep*, ìwé ìròyìn tí àwọn mọ́ńkì náà dá sílẹ̀ ní 1843. Ẹ má ṣe rò pé ìwé ìròyìn ìsìn lásán ni. Ìtàn, sáyẹ́ǹsì, ewì, ọ̀rọ̀ ọ̀gbìn, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ó ṣì wà títí dòní.

Èdè ìwé àti èdè ẹnu

Ewì ló kọ́kọ́ sọ Alishan di ẹni tí àwọn ènìyàn mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó ní láti kọ́kọ́ yanjú, àwa tí a ń kọ Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì mọ irú rẹ̀ dáadáa: Àmẹ́níà wo lèèyàn fẹ́ fi kọ̀wé?

Èdè Àmẹ́níà méjì ló wà nígbà náà. Àkọ́kọ́ ni *grabar*, èdè ìwé àtijọ́, èdè Bíbélì, èdè Mashtots. Ó dùn, ó níyì, ó jinlẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ lọ́jà kò gbọ́ ọ. Èkejì ni *ashkharhabar*, èdè tí àwọn ènìyàn ń sọ nínú ilé àti lọ́jà. Àwọn mọ́ńkì San Lazzaro ni olórí àwọn tó di *grabar* mú. Lójú ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹni tó bá fi èdè ẹnu kọ ewì dà bí ẹni tó wọ aṣọ oko lọ sóde ìyàwó.

*Grabar* ni Alishan kọ́kọ́ fi kọ̀wé, torí ohun tí wọ́n kọ́ ọ nìyẹn. Nígbà tó yá, ó yí ọwọ́ padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè ẹnu kọ ewì nípa ilẹ̀ Àmẹ́níà, nípa odò Hrazdan, nípa ẹyẹ kan tó ń kọrin lórí pápá Avarayr. Kò fi orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀. Nahapet ni orúkọ tó ń lò, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni bàbá ńlá ìdílé. Ẹ ronú sí i: fadá tí kò níyàwó, tí kò bímọ, ló sọ ara rẹ̀ ní bàbá ńlá. Nínú ewì wọ̀nyẹn, ohùn àgbàlagbà kan tó ti rí gbogbo ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà ló ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Láti 1857 lọ ni àwọn ewì rẹ̀ ń jáde ní ìdìpọ̀ márùn-ún.

Bóyá ẹ óò béèrè pé kí ló wà ní Avarayr. Ní ọdún 451, ọba Páṣíà fẹ́ fi tipátipá mú àwọn ará Àmẹ́níà fi ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì sílẹ̀. Vardan Mamikonian kó ogun jọ, wọ́n pàdé lórí pápá Avarayr. Wọ́n ṣẹ́gun wọn, Vardan sì kú síbẹ̀. Síbẹ̀, ìjà náà kò tán síbẹ̀. Àwọn tó ṣẹ́kù ń bá a lọ títí di 484, nígbà tí Páṣíà fọwọ́ sí àdéhùn pé kí wọ́n máa sin Ọlọ́run bí wọ́n ṣe fẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn ará Àmẹ́níà fi ń ṣe àjọ̀dún ogun tí wọ́n pàdánù. Alishan mọ̀ pé ìtàn yìí kì í ṣe ti *grabar* nìkan, pé ó yẹ kí ọmọdé tó wà ní abúlé lè gbọ́ ọ ní èdè tí ìyá rẹ̀ ń sọ.

Ó tún ṣe ohun kan tó dùn mọ́ wa. Ní 1852, ó kó àwọn orin ìbílẹ̀ Àmẹ́níà jọ, ó túmọ̀ wọn sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní San Lazzaro, Àmẹ́níà àti Gẹ̀ẹ́sì pa pọ̀. Lásìkò tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ń wo orin àwọn ará oko bí ìranù, ó gbà pé ìwé ni.

Àká ìwé

Lẹ́yìn ewì wọ̀nyẹn, Alishan gbé ewì tì. Àwọn kan rò pé ó yẹ kó máa bá a lọ, torí akéwì gidi ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn ti gba ọkàn rẹ̀. Ó fẹ́ kọ gbogbo ilẹ̀ Àmẹ́níà sílẹ̀, ẹkùn kan lẹ́yìn èkejì: òkè rẹ̀, omi rẹ̀, ewéko rẹ̀, abúlé rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ìdílé ọlọ́lá rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta rẹ̀.

Báwo lèèyàn ṣe ń kọ ibi tí kò dé? Ní San Lazzaro, ìwé àfọwọ́kọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn mọ́ńkì ti ń kó wọn wá láti ìgbà Mekhitar, wọ́n sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún mélòó kan. Lẹ́yìn ìwé àfọwọ́kọ Àmẹ́níà, àwọn tó da ìwé kọ máa ń kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ara wọn: orúkọ wọn, abúlé tí wọ́n jókòó sí, ọba tó wà lórí oyè, ebi tàbí ogun tó ń jà lọ́dún náà. Ẹni tó bá ka ẹgbẹ̀rún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò rí orúkọ abúlé tí kò sí lórí máàpù kankan. Alishan tún ń ka ìwé àwọn arìnrìn-àjò tó ti gba ibẹ̀ kọjá, ó ń kó àwòrán àti fọ́tò jọ, ó ń kó ẹ̀dà ọ̀rọ̀ ara òkúta tí àwọn ẹlòmíràn dà kọ jọ.

Venice fúnra rẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Ẹ rí i, láàárín ọdún 1198 sí 1375, ìjọba Àmẹ́níà kan wà ní Cilicia, létí òkun Mẹditaréníà, níbi tí ó ti di gúúsù Tọ́kì lónìí. Àwọn oníṣòwò Venice ń ná ọjà níbẹ̀ gan-an. Ní 1201, ọba Levon Kìíní fún wọn ní àǹfààní ìṣòwò. Èbúté Ayas tó wà ní ìjọba yẹn ni Marco Polo gbà wọ inú Éṣíà lọ ní 1271. Àdéhùn, ìwé owó, lẹ́tà ọba, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú àká ìwé ìjọba Venice. Ẹni tó wà ní abúlé kan ní Cilicia ní ọdún 1880 kò lè rí ìwé wọ̀nyẹn. Alishan lè wọ ọkọ̀ ojú omi láàárọ̀ kó lọ kà wọ́n. Nígbà mìíràn, ọ̀nà jíjìn ló ń jẹ́ kéèyàn rí ohun tí ẹni tó wà nílé kò rí.

Èso iṣẹ́ náà jáde díẹ̀díẹ̀. *Shirak* jáde ní 1881, ó sọ nípa ẹkùn tí Ani wà, ìlú tó jẹ́ olú-ìlú àwọn ọba Bagratuni láti ọdún 961, tí ó ti di àlàpà tipẹ́. *Sisuan* jáde ní 1885, Cilicia ni ó dá lé. *Ayrarat* tẹ̀ lé e ní 1890, nípa ẹkùn tí òkè Ararati wà. *Sisakan* jáde ní 1893, nípa Syunik. Ìwé ńláńlá ni wọ́n, tí àwòrán kún inú wọn. Ó ní in lọ́kàn láti ṣe gbogbo ẹkùn tó kù, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ènìyàn kan kò tó o. Mẹ́rin yìí ló rí tẹ̀.

A gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ kan níbí o. Iṣẹ́ tí a fi ìwé ṣe máa ń ní àléébù ìwé. Ọba ní ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì ní ìwé, oníṣòwò ní ìwé. Obìnrin tó ń fún wàrà ní Shirak kò ní. Òórùn ilé, ariwo ọjà, bí èèyàn ṣe ń rẹ̀ kó tó gun òkè kan tán, kò sí ìwé àfọwọ́kọ tó lè fi ìyẹn ránṣẹ́ sí Venice. Alishan náà sì wo ilẹ̀ yẹn pẹ̀lú ojú ọmọ tó ń ro ilé: òkè ibẹ̀ máa ń ga lọ́wọ́ rẹ̀, odò ibẹ̀ máa ń mọ́. Ìfẹ́ wà níbẹ̀, ìfẹ́ a sì máa bo àléébù. Ẹni tó bá ń ka ìwé rẹ̀ ní láti fi ìyẹn sọ́kàn.

Àsíá fún ìsìnkú

Ní 1885 yẹn náà ni nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀. Victor Hugo, òǹkọ̀wé ńlá ilẹ̀ Faransé, kú ní oṣù karùn-ún. Gbogbo ẹgbẹ́ àti gbogbo orílẹ̀-èdè ló fẹ́ wà níbi ìsìnkú rẹ̀ ní Paris, oníkálukú pẹ̀lú àsíá tirẹ̀. Àwọn ọmọ Àmẹ́níà tó ń kàwé ní Paris fẹ́ lọ. Wọ́n wo ọwọ́ wọn, kò sí àsíá. Àwọn tí kò ní ìjọba, níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí àsíá?

Fadá tó wà ní San Lazzaro ni wọ́n kọ̀wé sí. Alishan ya àsíá aláwọ̀ mẹ́ta fún wọn: pupa, àwọ̀ ewé àti funfun. Pupa àti àwọ̀ ewé wá láti inú orúkọ tí ìjọ Àmẹ́níà fún àwọn Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé Àjíǹde. Lẹ́yìn náà, ó tún ya òmíràn, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, ó ní àwọ̀ òṣùmàrè tí Nóà rí nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀ sórí òkè Ararati nìyẹn.

Kò sí ọ̀kan nínú méjèèjì tó jẹ́ àsíá Àmẹ́níà òde òní. Pupa, búlúù àti ọsàn ni ti òde òní, láti 1918 ni wọ́n ti mú un, tí wọ́n sì tún gbé e padà ní 1990. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnì kan jókòó láti ya àsíá fún Àmẹ́níà ayé òde òní, akéwì ló yà á, nítorí pé akéwì kan kú.

Lẹ́yìn tí ó kú

Ní 1895, ó tẹ ìwé kan jáde lórí ìgbàgbọ́ àwọn ará Àmẹ́níà kí wọ́n tó di Kírísítẹ́nì: oòrùn, iná, omi, igi, ẹ̀mí àìrí. Fadá ni o, síbẹ̀ kò pe ìgbàgbọ́ àwọn baba ńlá rẹ̀ ní ohun ìdọ̀tí tó yẹ kéèyàn sun níná. Ó kó o jọ, ó tò ó, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọdún kan náà ni ìwé rẹ̀ lórí ewéko ilẹ̀ Àmẹ́níà jáde.

Lásìkò yẹn gan-an ni ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Láàárín 1894 sí 1896, lábẹ́ Sultan Abdul Hamid Kejì, wọ́n pa ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Àmẹ́níà nínú ìjọba Ottoman. Ọkùnrin kan ń kọ orúkọ ewé sílẹ̀ ní Venice, wọ́n ń jó abúlé tí ewé náà ti ń hù. Ní 1901, ó tẹ àkójọ ńlá kan lórí ìtàn Àmẹ́níà jáde, ó sì kú ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ní ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin.

Kò rí 1915. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún yẹn, ìjọba Ottoman bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn akéwì, oníwèé ìròyìn, olùkọ́ àti àwọn aṣáájú Àmẹ́níà ní Constantinople, ìlú tí wọ́n ti bí Alishan. Ọ̀pọ̀ wọn kò padà wálé. Lẹ́yìn náà, wọ́n lé àwọn ará Àmẹ́níà kúrò ní àwọn ìlú àti abúlé wọn, wọ́n dà wọ́n sójú aṣálẹ̀ Síríà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìtàn gbà pé àwọn tó kú tó mílíọ̀nù kan, kódà àwọn mìíràn ní ó tó mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Ìpẹ̀yàrun ni.

Ìgbà yẹn ni ìtumọ̀ ìwé Alishan yí padà. Nígbà tó ń kọ *Sisuan*, ó ń kọ nípa ibi tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń gbé. Ìlú Sis, tó jẹ́ olú-ìlú ìjọba Cilicia, ni ibùjókòó olórí ìjọ wọn wà láti 1293. Lẹ́yìn ìpakúpa, kò ṣeé gbé mọ́. Àwọn àlùfáà kó lọ, nígbà tó sì di 1930, wọ́n fìdí kalẹ̀ sí Antelias, ní Lẹ́bánónì. Kozan ni orúkọ Sis lónìí. Ẹni tí ìyá ìyá rẹ̀ wá láti ibẹ̀, tó wà ní Beirut tàbí Paris tàbí Los Angeles, tó bá fẹ́ mọ bí ilé ìyá ìyá rẹ̀ ṣe rí, ó lè ṣí ìwé fadá kan tí òun náà kò débẹ̀ rí.

Ani náà ńkọ́? Àdéhùn 1921 fi í sí apá Tọ́kì. Odò kan ló wà láàárín rẹ̀ àti orílẹ̀-èdè Àmẹ́níà. Ní 2016, UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ohun ìní gbogbo ayé. Tẹ́ ẹ bá tẹ orúkọ rẹ̀ sórí fóònù yín, ẹ óò rí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta pupa tó dá dúró láàárín pápá, láìsí ilé kankan ní ẹ̀gbẹ́ wọn.

Ohun tí ìwé dì mú

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká padà sí ìbéèrè wa. Bí ilẹ̀ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni, kí ni ìwé lè dì mú?

Kì í ṣe ilẹ̀ náà. A kò gbọ́dọ̀ tan ara wa jẹ. Ìwé mẹ́rin Alishan kò dá ẹnì kan padà sí Sis. Kò gba ẹ̀mí ẹnì kan là ní 1915. Ẹni tó bá ní ìwé àti èdè ti tó, kí wọ́n gbé ilẹ̀ lọ, kò tíì bá ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìwé náà kò jẹ́ kó ṣeé ṣe. Kò jẹ́ kó ṣeé ṣe fún ẹnikẹ́ni láti sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pa ènìyàn rẹ́ pátápátá máa ń pa orúkọ pẹ̀lú: á yí orúkọ abúlé padà, á gbẹ́ ọ̀rọ̀ kúrò lára òkúta, á ní ahoro ni òun bá. Ó pẹ́ jù. Orúkọ odò ti wà nínú ìwé, orúkọ àlùfáà tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ti wà nínú ìwé, ẹ̀dà ọ̀rọ̀ ara òkúta ti wà ní Venice, lórí erékùṣù tí wọ́n ti máa ń kó adẹ́tẹ̀ pamọ́ sí nígbà kan.

Àwa tí a jẹ́ ọ̀dọ́ máa ń rò pé kéèyàn tó kọ nǹkan nípa ìlú rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti débẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè ibẹ̀ dórí ẹja, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ àgbà. Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n bí sí ìlú ńlá, tí a kò mọ̀ ju orúkọ abúlé bàbá wa lọ, ìtìjú sì máa ń mú wa. Alishan kò ní kí ìtìjú yẹn má wà. Ó kàn jókòó tì í, ó sì fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́: ìwé, lẹ́tà, fọ́tò, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tó débẹ̀.

Ní Yerevan, olú-ìlú Àmẹ́níà òde òní, òkè Ararati ni ohun àkọ́kọ́ tí èèyàn máa ń rí láàárọ̀ ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́. Ó funfun, ó ga, ó dà bíi pé kéèyàn na ọwọ́ kó kàn án. Ara àmì orílẹ̀-èdè wọn ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Tọ́kì ni òkè náà wà, wọ́n sì ti ti ẹnubodè tó wà láàárín méjèèjì pa láti 1993. Ẹni tó bá fẹ́ dé ìdí òkè tó ń wò láti ojú fèrèsé rẹ̀ ní láti gba ọ̀nà mìíràn yípo.

Alishan kọ nípa òkè náà láì rí i. Àwọn ọmọ ọmọ àwọn tó kọ̀wé fún ń rí i lójoojúmọ́, wọn kò sì lè rìn débẹ̀. Ní Yerevan yẹn, ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó wà ní ìdí òkè náà, ní apá ọ̀hún, yóò wọ ilé ìkàwé lọ, yóò sì béèrè fún *Ayrarat*.